Ilé-Iṣẹ́ Bísíkíìtì Tí Ọmọ Mi Rà Fún Mi

Ọmọ mi Apamọ́,

Mo kí ọ títí. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn gígùn, torí mo gbọ́ pé òkè téńté ni ọ́fíìsì yín wà àti pé lọ́jọ́ tí iná bá lọ, ẹsẹ̀ lẹ fi ń gùn ún débẹ̀. Ara mi ti balẹ̀ báyìí, ara bàbá rẹ náà le, àwọn adìẹ ń yé dáadáa àfi èyí tó ní ìyẹ́ dúdú, òun ṣì ń ṣe bí ọ̀gá, ó ń jẹ, kò yé. Kí Ọlọ́run tó mọ yàrá tí ò ń sùn sí nígbà tí èmi ò mọ̀ ọ́n máa bá mi ṣọ́ ọ. Ọ̀gá rẹ kò ní jí lọ́jọ́ kan kó kàn kórìíra rẹ. Bàtà rẹ kò ní já lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Nǹkan tí o bá fọwọ́ kàn á dàgbà, wàá sì jókòó jẹ nínú rẹ̀. Kó o dúró ṣe àmín yẹn dáadáa kó o tó ka ìyókù.

Ó ṣeé ṣe kó o máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù tó o rà fún mi wà lórí tábìlì níbẹ̀ yẹn tó ń wò mí. Mo ní ìdí tèmi. Lórí fóònù o máa ń yára jù mí lọ. Mi ò ní tíì kí ọ tán tí wàá fi ní ara rẹ le, o ti jẹun, kí n má ṣèyọnu, pé o fẹ́ wọ ìpàdé, kí n tó lajú, fóònù ti dákẹ́. Ìwé ò ní ìpàdé tó fẹ́ wọ̀. Mo ti sọ fún Rọra, dírẹ́bà tó ń kó ẹyin wa lọ sí ìlú, pé ọwọ́ rẹ ni kó fi lẹ́tà yìí lé, kó sì dúró títí wàá fi ya á. Ìwọ náà mọ Rọra, ó máa dúró. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ bíi pé ọmọ ìkókó ló ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, kì í kánjú kúrò níbì kankan.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ni pé orí rẹ pé. Mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò, àmọ́ mi ò tíì sọ ọ́ fún ìwọ fúnra rẹ rí, torí a kì í fẹ́ kí orí ọmọ wú. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé owó lè wà nínú kóló, ó lè wà nínú báńkì, ó lè wà lábẹ́ ẹní, àmọ́ mi ò mọ̀ pé ó lè lọ síṣẹ́. Ọjọ́ tó o wálé tó o ní o ti ra ìpín fún mi nínú ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì, pé oṣooṣù lo ó sì máa rà kún un, èmi àti bàbá rẹ kàn ń wo ara wa. O ti rí i pé kò yé wa. O wá ní kí n fi wé adìẹ tó jẹ́ tèmi àmọ́ tó ń gbé lágbàlá ẹlòmíràn, pé àwọn ló ń bọ́ ọ, àwọn ló ń gbá ilé rẹ̀, àmọ́ bó bá yé, wọ́n máa mú ẹyin wá fún mi. Ojú ẹsẹ̀ ló yé mi. Ìgbà tó o lọ tán, bàbá rẹ ní ṣé ó dá mi lójú pé ó yé mi, mo ní bí wọ́n bá fẹ́, mo lè ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kò pọn dandan.

Nǹkan kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi nípa ọjọ́ yẹn. Fọ́ọ̀mù tó o kọ fún mi béèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo ní kó o kọ ọ́ pé oníléeṣẹ́ bísíkíìtì ni mí, o rẹ́rìn-ín, o kọ ọlọ́sìn adìẹ. Mi ò bínú. Àmọ́ mo ronú ẹ̀ pé àwọn tó wà lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá ń pín nǹkan tí wọ́n dé orí orúkọ mi, wọ́n á ní ṣé ọlọ́sìn adìẹ ni, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Bí àyè bá wà láti tún un kọ, bá mi tún un kọ.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń wo ìlà inú fóònù tó o ṣí fún mi, èyí tó ń fi hàn bóyá owó ìpín wa gòkè tàbí ó wálẹ̀. Láràárọ̀, bí mo bá ti kó ẹyin tán tí mo fọwọ́, mo máa ń jókòó síbi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wò ó. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, mo máa ń mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ wa sùn dáadáa, wọ́n tètè dé, iná ò lọ níbi ààrò wọn. Bó bá pọ́n, mo máa ń mọ̀ pé ìjà ti wà. Lọ́sẹ̀ kan báyìí ó pọ́n títí, mo gbàdúrà fún wọn, mo ní kí Ọlọ́run parí ìjà àárín àwọn tó ń po ìyẹ̀fun àti àwọn tó ń dì í sínú ọ̀rá. Mo fi ìlà náà han bàbá rẹ. Wọ́n wá awò ojú wọn, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní ó jọ ojú ọ̀nà oko bàbá àwọn, pàápàá níbi tó ti já sí kòtò yẹn. Ìrànlọ́wọ́ tí mo rí gbà lọ́dọ̀ wọn nìyẹn.

O rántí ọjọ́ tí mo pè ọ́ pé ìlà náà ti kú, pé kò mira láti àárọ̀. O ní kò kú, pé ọjọ́ Sátidé ni, pé ọjà náà máa ń sinmi ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ṣe hàá. Adìẹ tí mo ti ń sìn bọ̀ látìgbà tí o ò tíì mọ̀wé kà, kò sí èyí tó mọ Sọ́ńdè nínú wọn. Látọjọ́ náà, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń da ojú fóònù náà bolẹ̀, mo sì máa ń da aṣọ bò ó kó lè sinmi dáadáa. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó gòkè. Bàbá rẹ ní kì í ṣe torí aṣọ. Mi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ mi ò yọ aṣọ náà kúrò. Bó o bá pè ní Sátidé tí mi ò gbé e, ohun tó fà á nìyẹn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni owó tó wọlé. Fóònù dún, mo ní kí bàbá rẹ kà á, wọ́n ní owó ti wọ àkáǹtì mi. Mi ò ta ẹyin fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Mi ò ta ìgbẹ́ adìẹ fún àwọn olóko. Mo ní ẹnì kan ti ṣèèṣì nìyẹn, ó sì lè jẹ́ owó ilé ìwòsàn ni onítọ̀hún fẹ́ san. Mo wọ aṣọ mi tó mọ́, ó di báńkì, pé mo wá dá owó olówó padà. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní tèmi ni, pé èrè orí ìpín ni. Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú, torí mi ò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá bá mi nídìí adìẹ. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ jáde. Ọ̀gá náà ní kí n máa lọ sílé, kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ra ìpín náà fún mi. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi ló gbọ́ ọ. Mo rọra rìn jáde kí àwọn tí kò gbọ́ lè bi àwọn tó gbọ́.

Ní báyìí, ìwọ náà mọ̀ mí. Mi ò lè máa gba ẹyin adìẹ tí mi ò bọ́. Bó bá jẹ́ pé oníléeṣẹ́ ni mí, ó yẹ kí n ṣiṣẹ́ oníléeṣẹ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí yíká àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí mo bá ti rí bísíkíìtì wa lẹ́yìn, mo máa ń gbé e wá síwájú. Èyí tí eruku bá bò, mo máa ń fi etí aṣọ mi nù ún. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ jí i ni, mo ṣàlàyé fún un, ó ní kí n má bínú, òun ò mọ̀ pé èmi ni mo ni ín, ló bá gbé àpótí fún mi jókòó. Ó tiẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí èyí tó ní wàrà nínú fi kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ojú tì mí. Mo ní mo máa bá wọn sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé bí ó ṣe dé yìí ni Rọra wá ti ọ̀dọ̀ rẹ dé. O rántí pé ó sùn sílùú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, tó wá kí ọ nílé. Mo jókòó tì í, mo ní kó ròyìn yàrá rẹ fún mi láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ní ó mọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, àga kan, ìwé lóríṣiríṣi, pé fèrèsé rẹ kọjú sí ògiri ẹlòmíràn àmọ́ o fi kọ́tìnì tó rẹwà sí i. Mo bi í nípa oúnjẹ. Ó ní òun ò rí ìkòkò lórí sítóòfù, pé eruku wà lórí sítóòfù náà, pé bísíkíìtì wa ló kún orí pẹpẹ, tí o tò ó bí ìwé. Ó ní o sọ fún òun pé bísíkíìtì náà lo fi ń mu omi láàárọ̀, òun lo fi ń mu tíì lálẹ́, pé ó bá ọ lára mu. Ó tún ní kíréètì ẹyin tí òun ń gbé wá fún ọ látọ̀dọ̀ mi, àwọn ará ọ́fíìsì rẹ lò ń tà á fún, pé o ní owó rẹ̀ ń lọ sínú ìpín màámi.

Ọmọ mi, inú mi dùn débi pé mo dìde dúró. Mo ní ẹ wo ọmọ tó mọṣẹ́. Ó ń jẹ ọjà ilé-iṣẹ́ wa kí ilé-iṣẹ́ wa lè gòkè, ó ń ta ẹyin láàárín àwọn tó wọ táì, kò tijú. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ibi tí mo ti ń ṣàṣìṣe gan-an nìyẹn, pé mo jókòó ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà bí ẹni tí kò ní ilé-iṣẹ́, nígbà tí ọmọ mi ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbé tiwa ga. Lọ́jọ́ kejì mo ra páálí bísíkíìtì kan. Mo jẹ ẹ́ láàárọ̀ pẹ̀lú tíì, mo jẹ ẹ́ lọ́sàn-án pẹ̀lú omi, lálẹ́ mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, mo fi ṣíbí jẹ ẹ́. Mo fi lọ bàbá rẹ, wọ́n ní àwọn ò ní ilé-iṣẹ́ kankan, kí n máa gbé oúnjẹ àwọn bọ̀. Mo ń se oúnjẹ fún wọn, mo ń wo ọbẹ̀, mo ń gbé ojú kúrò. Nígbà tí ìlà inú fóònù gòkè, mo fọwọ́ lu àyà mi pé èmi ni, èmi àti ọmọ mi ni.

Ó bá mi dé ibì kan ná. Lẹ́yìn náà, inú mi le, ẹnu mi ń korò, mo bá ń rí ìràwọ̀ lójúmọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ láti kó ẹyin, nígbà tí mo fẹ́ dìde, ilé adìẹ yí po, mo bá jókòó. Orí kíréètì tí mo ti kó kún ni mo jókòó lé. Má rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ, tí kì í yára, sáré dé, wọ́n bá mi nínú ẹyin, adìẹ dúdú yẹn sì dúró sí iwájú mi tó ń wò mí. Wọ́n gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kéré, àmọ́ ojú rẹ̀ le. Ó so nǹkan kan mọ́ mi lápá, nǹkan náà wú, ó fún mi, ó wá sọ iye kan. Mo bi í bóyá ó gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ní kò gòkè, ó lọ sílẹ̀ gan-an ni, mo ní kó má mikàn, Mọ́ńdè á gòkè. Ó wò mí. Ó ní kí ni mo ti ń jẹ. Mo sọ fún un. Mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ, ti ìpín, ti ìlà, ti bísíkíìtì, ti pé ọmọ mi ló kọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó nu ojú. Ó wá bi mí pé ọmọ mi yìí, ṣé ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Mo ní ó ń fi ránṣẹ́. Ó ní ṣé òun náà ló ń ra ìpín lóṣooṣù. Mo ní òun ni, òun ló sì ń san owó oògùn bàbá rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ pátá. Ó fa àga sún mọ́ mi. Ó ní, màmá, ẹni tó ń fi bísíkíìtì mu omi láàárọ̀, tó ń fi mu tíì lálẹ́ nílùú ńlá, kì í ṣe torí ilé-iṣẹ́ ló ṣe ń jẹ ẹ́. Ó ní òun náà jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé bísíkíìtì lèèyàn ń jẹ nígbà tí owó tó kù lọ́wọ́ kò bá lè ra oúnjẹ mọ́.

Mo fara ya fún un. Mo ní kì í ṣe ọmọ tèmi, pé ọmọ tèmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé gíga, pé gbogbo ìgbà tí mo bá pè é tí mo bi í, ohun tó máa ń sọ fún mi ni pé òun ti jẹun. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe kúrò lẹ́nu mi ni mo gbọ́ ọ.

Torí pé mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn, Apamọ́. Èmi ni mo ni ín. Nígbà tí ìwọ àti àbúrò rẹ ń lọ ilé-ìwé, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó owó adìẹ àkọ́kọ́ jọ, mo máa ń bu oúnjẹ sí àwo yín, mo máa ń bu sí ti bàbá yín, ẹ̀yin á bi mí pé tèmi dà, mo máa ní mo ti jẹun nídìí ààrò. Bí ẹ bá sùn, mo máa ń ha ìdí ìkòkò. Gbogbo adìẹ tó wà lẹ́yìnkùlé yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Èmi náà ń dókòwò nígbà yẹn, kò kàn sí ẹni tó bá mi pè é ní orúkọ yẹn ni. Mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe, pé ẹ̀yin ò mọ nǹkan kan.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ láti ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ la fi rìn, torí mo ní mo fẹ́ afẹ́fẹ́. Ìgbà tí a dé ibi igi tó wà ní ìyànà, bàbá rẹ dúró. Wọ́n wá ní ṣé mo rántí búrẹ́dì. Mo ní búrẹ́dì wo. Wọ́n ní èyí tí Apamọ́ fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tó wà ní kékeré, tí èèrà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òun àti ẹní rẹ̀ lọ. Mo ní mo rántí, ṣebí torí ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ ní Apamọ́, pé láti kékeré ló ti ń fi nǹkan pamọ́ fún ara rẹ̀. Bàbá rẹ ní kì í ṣe fún ara rẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, o gbé búrẹ́dì náà wá bá mi nídìí ààrò, tòun tèèrà, o ní Màámi, ẹ jẹ ẹ́, ẹ ò jẹun lánàá. Wọ́n ní mo gba búrẹ́dì náà, mo gbọn èèrà kúrò lára rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́. Ọmọ mi, mo ti gbàgbé. Orúkọ nìkan ló kù lọ́wọ́ mi, mo ti gbàgbé búrẹ́dì. Mo jókòó sídìí igi yẹn, mo sunkún, bàbá rẹ dúró tì mí, wọ́n ń kí àwọn tó ń kọjá bíi pé kò sí nǹkan kan.

O ti mọ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún. O kéré, o mọ̀. Mo ń fi ọ́ yangàn káàkiri nítorí ìpín, mi ò mọ̀ pé ohun tó yẹ kí n fi yangàn ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi tipẹ́tipẹ́. Àmọ́ mi ò ní jẹ́ kó o fi ọgbọ́n tí mo fi tọ́ ọ tọ́jú mi. Ọgbọ́n yẹn ò dára fún ìfun, mo ti tún dán an wò báyìí, nọ́ọ̀sì jẹ́rìí sí i.

Ohun tí mo ti ṣe nìyí, má sì bínú sí Rọra, èmi ni mo rán an. Mo ní kó yíká ọ́fíìsì yín wá ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Ó rí kańtíìnì tó wà lẹ́yìn ilé yín, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó fi fóònù rẹ̀ fún obìnrin tó ń dáná níbẹ̀, àwa méjèèjì sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ròkè, inú mi dùn sí i. Mo ṣàpèjúwe rẹ fún un. Ó ní ṣé èyí tó pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn, tó máa ń wá jókòó síbi fèrèsé lọ́sàn-án, tó máa ń ra omi nìkan, tí yóò máa wo fóònù bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jẹun. Ó ní òun ti ń wò ọ́ tipẹ́. Ó ní òun rò pé o ń gbààwẹ̀ ni, àmọ́ ààwẹ̀ náà ti pẹ́ jù.

Nítorí náà, kíréètì ẹyin kò ní wá sọ́dọ̀ rẹ mọ́, kó o má bàa tún tà á. Ọ̀dọ̀ alásè yìí ni Rọra yóò máa gbé e lọ. Òun náà yóò máa gbé àwo oúnjẹ síwájú rẹ lọ́sàn-án, yóò sì di òmíràn fún ọ lọ sílé. A ti fọwọ́ sí i lórí fóònù, èmi pẹ̀lú rẹ̀, láìsí fọ́ọ̀mù. Má ṣe bá a jiyàn, torí ó sọ fún mi pé òun ti lé máníjà kan dé ẹnu ọ̀nà rí torí pé ó fi ẹran sílẹ̀ nínú àwo. Ó tún ní bí àwo rẹ bá padà wá tí nǹkan ṣẹ́ kù nínú ẹ̀, mo máa gbọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, torí o mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í tán láìbéèrè. Fi owó ránṣẹ́ sí mi. Mo nílò oúnjẹ adìẹ, torí adìẹ tí yóò máa yé fún èmi àti kańtíìnì gbọ́dọ̀ jẹun. Owó tó o fẹ́ fi ra ìpín fún mi lóṣù yìí, má rà á, òun ni kó o fi ránṣẹ́. Bákan náà ni ti oṣù tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kó o fi owó náà jẹun, o máa ní o ti jẹun. Àmọ́ o ò tíì kọ̀ fún mi rí nígbà tí mo bá ní mo nílò nǹkan, ohun tí mo sì nílò nìyí. Wò ó bí o ṣe kọ́ mi: adìẹ wà lọ́dọ̀ mi, èmi ló ń bọ́ ọ, ẹyin rẹ̀ jẹ́ tìrẹ. Ìpín tó ti wà nílẹ̀ kó wà níbẹ̀, má tà á, mo ṣì ń wò ó láràárọ̀, mo ṣì ń nu eruku ara bísíkíìtì wa, àmọ́ mo ti fi ẹ̀ka jíjẹ sílẹ̀. Bí owó náà bá tún lè gbé páànù kan sórí ilé adìẹ, níbi tó ń jò yẹn, inú mi á dùn. Bàbá rẹ ní kí n fi bátìrì rédíò kún un, mo ní mo ti gbọ́.

Ọlọ́run yóò dá gbogbo ohun tó o fi du ẹnu ara rẹ padà fún ọ. Ẹni tó bu omi sí ẹnu ìyá rẹ̀, òùngbẹ kò ní gbẹ ẹ́. Wàá ní ilé tí fèrèsé rẹ̀ kò kọjú sí ògiri ẹnikẹ́ni. Ìkòkò rẹ á gbóná, àlejò á bá ọ nídìí àwo, wàá ní kí wọ́n wá jẹun, yóò sì tó. Àwọn ọmọ rẹ náà yóò tọ́jú rẹ, àmọ́ wọn ò ní nílò láti fi ebi tọ́jú rẹ. Rọra wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń tẹ fèrè ọkọ̀, ìyẹn sì ni kíkánjú tirẹ̀, nítorí náà kí n dúró síbí.

Èmi ni ìyá rẹ, ọlọ́sìn adìẹ àti oníléeṣẹ́ bísíkíìtì.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Mo ti jẹun kí n tó kọ lẹ́tà yìí. Ìrẹsì ni, àti ẹ̀wà, àti ẹyin kan lórí rẹ̀. Bàbá rẹ jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbí pé àwọn rí ìdí àwo náà. Ìwọ ńkọ́?